Ọmọ mi ò tíì sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣé ìwé alàwòrán lè ràn án lọ́wọ́? (Òṣogbo)

Ìyá Kékeré Alẹ́kúwodò:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi ọkùnrin ti lé lọ́mọ ọdún méjì dáadáa, ó ń sún mọ́ méjì àbọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń sọ lẹ́nu ò pọ̀ rárá. Ó ń pe mọ́mì, dádì, omi, "gbà", "ó tó", ajá ló ń pè ní "wò-wò", mọ́tò ní "fúùm", ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ rí. Tó bá fẹ́ nǹkan á fà mí lọ́wọ́ débẹ̀ á wá máa nàka sí i, tí mi ò bá tètè mọ ohun tó fẹ́, ẹkún ló kù. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohun tá a bá sọ o, tí mo bá ní kó lọ mú sálúbàtà mi wá á lọ mú un, á tún gbé tiẹ̀ náà dání torí ó ti mọ̀ pé a fẹ́ jáde nìyẹn.

Gbogbo èèyàn ló ní ohun tó ń sọ. Màmá ọkọ mi ní ká fi ọmọ sílẹ̀, pé ọmọkùnrin kì í tètè fọhùn, bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Àǹtí tó ń tọ́jú wọn níbi tá a ń gbé e lọ láàárọ̀ ní ká yé sọ Yorùbá sí i, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ká máa sọ torí èdè méjì ló dà á lórí rú. Aládùúgbò wa kan ní okùn abẹ́ ahọ́n ẹ̀ ló kúrú, ká lọ gé e.

Èmi wá ra ìwé alàwòrán torí mo gbọ́ pé ó dáa fún ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kí n tó ka ìlà kejì ó ti ṣí ojú ewé mẹ́ta kọjá, tàbí kó ki etí ìwé bọ ẹnu, tàbí kó kàn dìde máa lọ. Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo ìwé ọ̀hún, èso tí ò jẹ rí, ère tí òyìnbó fi yìnyín mọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé kátúùnù fún un lórí fóònù á jókòó jẹ́jẹ́, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ẹ̀. Ṣé ìwé yìí ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, ó ń jẹ mí lọ́kàn ni.

Tíṣà Nọ́sìrì Òkè-Fìà:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Ìyá Kékeré. Ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe sí ìwé, bí àwọn ọmọ ọjọ́ orí ẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ò wá gbọ́ ìlà kejì, àwòrán ló wá wò. Ẹ gbàgbé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ná. Ẹ má kà á rárá. Ẹ jẹ́ kóun fúnra ẹ̀ máa ṣí ìwé, ibi tójú ẹ̀ bá dúró sí tàbí tó nàka sí, ibẹ̀ ni kẹ́yin náà dúró sí, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ nípa ohun tóun ń wò, kì í ṣe ohun tẹ́yin fẹ́ kọ́ ọ. Tó bá ṣí ewé mẹ́ta kọjá, ó ṣí i kọjá náà nìyẹn, ẹ jọ máa bá a lọ.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí tó fi dúró dáadáa ni Grover Whitehurst àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní New York, ọdún 1988 ni wọ́n gbé e jáde. Wọ́n pín àwọn òbí tọ́mọ wọn wà láàárín bí ọdún méjì sí mẹ́ta sọ́nà méjì. Gbogbo wọn pátá ló ń ka ìwé alàwòrán fọ́mọ nílé, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí nìyẹn, apá méjèèjì ló ń kàwé. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ apá kan pé kí wọ́n dín kíkà kù, kí wọ́n máa bi ọmọ ní ìbéèrè, kí wọ́n máa fi nǹkan kún ohun tó bá sọ, kí wọ́n máa yìn ín tó bá gbìyànjú. Oṣù kan péré, àwọn ọmọ apá yẹn ti fi oṣù mélòó kan ṣáájú àwọn yòókù nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Nígbà tó di 1992 wọ́n tún ṣe é fáwọn ọmọ ọdún méjì nílé ìtọ́jú ọmọ kan ní Mẹ́síkò, ọmọ àwọn tí ò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́, èdè Sípéènì tí wọ́n ń sọ nílé ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fáwọn òbí pé kì í ṣe bí ìwé ṣe wọ́n tó, ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ẹ̀yin àtọmọ lórí àwòrán yẹn ló ń ṣiṣẹ́.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Ká ní àwòrán ajá ni. Ẹ nàka sí i, ẹ ní "Kí nìyí?" Ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló le jù fún àwa àgbàlagbà, kíá la ti máa ń fẹ́ dáhùn fún un. Ẹ rọra ka ení dé màrún-ún sínú, kódà kẹ́ ẹ kà á dé ẹ̀wá, kẹ́ ẹ máa wo ojú ẹ̀ kó mọ̀ pé òun lẹ̀ ń retí. Tó bá ní "wò-wò", ẹ gbà á lẹ́nu ẹ̀ tayọ̀tayọ̀: "Ẹ̀n-ẹ́n, ajá ni! Ajá ńlá!" Ẹ má sọ pé "rárá, kì í ṣe wò-wò", ẹ ṣáà pe orúkọ ẹ̀ bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó sọ ọ̀kan, ẹ dá a padà ní méjì. Tó bá wá di pé ó ń sọ "ajá" fúnra ẹ̀, ẹ ní "ajá ń sáré". Tó bá ní "ajá sáré", ẹ ní "ajá ń sáré tẹ̀lé ológbò". Kóun náà gbìyànjú ẹ̀ wò, tí ò bá sọ ọ́ ẹ má fipá mú un, ẹ ṣí ewé míì.

"Kí nìyí, kí nìyí" nìkan ò dáa o, á sú u. Ẹ máa bi í pé kí lajá ń ṣe, ibo ló ń lọ, ta ló ń lé e. Ẹ máa fi ìparí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un, "òjò ń rọ̀, òjò ń...", kóun bá yín parí ẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ èmi jù ni kẹ́ ẹ fa àwòrán wá sínú ohun tó ti rí: "Ṣé o rántí ajá tá a rí lọ́nà Ọjà Ọba? Ó gbó, àbí?" Ọmọ máa ń lajú kalẹ̀ tó bá dé ibẹ̀ torí ó mọ ajá ọ̀hún. Ẹ tún jẹ́ kí ohùn wà nínú ẹ̀, ìlẹ̀kùn dún gbàm, ẹyẹ fò fìrì, òjò ń rọ̀ wàràwàrà, Yorùbá ti fi èyí jíǹkí wa, ọmọ tí ò tíì lè sọ "ẹyẹ" lè bá yín sọ "fìrì", ọ̀rọ̀ ni ìyẹn náà, ẹ kà á mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, lẹ́yìn ìwẹ̀ tàbí kó tó sùn, lójoojúmọ́. Tó bá dìde, ẹ pa ìwé dé.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:

Àǹtí Tíṣà ti sọ ọ́ dáadáa. Tèmi ni pé ẹ má jẹ́ kí ìwé dí yín lọ́wọ́ láti kọ́kọ́ yẹ etí ẹ̀ wò. Ìyá Kékeré, mo gbọ́ pé ó ń mú sálúbàtà wá, ó dáa gan-an, ó fi hàn pé ọpọlọ ẹ̀ jí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́gbọ́n lè wo ojú yín, kó rí i pé ẹ ti wọṣọ òde, kó ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ọmọ sì lè gbọ́ ìlẹ̀kùn tó dún gbàm kó má gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ dáadáa. Ọmọ tí jọ́ńdíìsì bá mú gidi lẹ́yìn ìbí, tàbí tó ti ṣe mẹninjáítìsì, tàbí tí etí ẹ̀ máa ń ṣọyún, ẹ má ṣe jáfara lórí tiẹ̀ rárá. Níbí ní Òṣogbo, ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní ọsibítù ńlá tó ń jẹ́ LAUTECH tẹ́lẹ̀ tó ti di ti UNIOSUN. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ gan-an ni wọ́n ní kẹ́ ẹ rí, wọn ò pọ̀ lápá ibí, UCH Ìbàdàn ni wọ́n sábà máa ń darí èèyàn sí.

Nípa ọjọ́ orí: àwọn CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tún àtẹ ohun tọ́mọ ń ṣe ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ṣe ní 2022, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé tọ́mọ bá pé ọdún 2 kó lè so ó kéré tán ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tó bá pé ọdún méjì àbọ̀ kó máa sọ bí ọ̀rọ̀ 50. Ohun tí bí ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin ń ṣe ní ọjọ́ orí yẹn ni wọ́n kọ, torí náà tọ́mọ ò bá tíì débẹ̀ kì í ṣe pé ó ti bà jẹ́, ó kàn tó ohun tá a fi ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Lóòótọ́ ọmọkùnrin máa ń pẹ́ díẹ̀ ju ọmọbìnrin lọ, àmọ́ díẹ̀ náà ni, kò tó ohun tí a ó fi ní ká jókòó máa wò. Tọ́mọ bá ti ń sọ̀rọ̀ kan tẹ́lẹ̀ tó wá dá a dúró, tàbí kò dáhùn orúkọ ẹ̀, tàbí kì í wo ojú èèyàn kì í sì í nàka sí nǹkan, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Okùn abẹ́ ahọ́n: tó bá kúrú ó lè jẹ́ kí ọmú mímu nira fún ìkókó, ó sì lè mú kí àwọn ìró kan má já geere. Kì í ṣe òun ló ń mú kí ọmọ má ní ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi abẹ kan ọmọ lẹ́nu nílé, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, kòkòrò àrùn ń bẹ níbẹ̀. Fóònù ńkọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2019 pé ọmọ ọdún 2 sí 4 ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ nídìí ẹ̀ lójúmọ́, kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló dáa jù. Kátúùnù kì í dákẹ́ dúró de èsì ọmọ, ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Àdùkẹ́:

Ẹ má bínú o, èmi ò fara mọ́ ti Yorùbá yẹn. Ilé ìwé tó máa wọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìdánwò àtiwọlé gan-an Gẹ̀ẹ́sì ni. Tọ́mọ bá kọ́ Yorùbá tán nílé ó máa tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Gẹ̀ẹ́sì nìkan là ń sọ sí tiwa, ó sì ń sọ̀rọ̀ fàà. Ẹ ti ra ìwé Gẹ̀ẹ́sì tán, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kà á fún un kó mọ́ra.

Tíṣà Nọ́sìrì Òkè-Fìà:

Bàbá Àdùkẹ́, ẹ ṣeun, mo mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wí, ojoojúmọ́ làwọn òbí ń sọ ọ́ fún mi ní kíláàsì. Tẹ́ ẹ bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé láti òwúrọ̀ dalẹ́, tẹ́ ẹ fi ń ṣàwàdà, tẹ́ ẹ fi ń pìtàn, kò sí wàhálà. Ohun tí mò ń rí nílé púpọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí ni pé tí wọ́n bá ti ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ọ̀rọ̀ tọ́mọ ń gbọ́ a wá ku "come", "sit down", "stop it". Ìyá tó lè fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa àwòrán adìẹ kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bó ṣe ń ta ilẹ̀, bó ṣe ń da ọmọ, bí àṣá ṣe ń wò ó látòkè, tó bá di Gẹ̀ẹ́sì ó ti tán sí "this is a hen". Ọmọ ló pàdánù níbẹ̀.

Pé èdè méjì ń da ọmọ lórí rú, àwọn tó ń ṣètọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ò gbà bẹ́ẹ̀. Èdè méjì kì í fa kí ọmọ má sọ̀rọ̀. Tá a bá ń ka ọ̀rọ̀ tó mọ̀, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì la jọ máa ń kà pọ̀. Ti pé ó máa tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wo Mọ́dákẹ́kẹ́ níbí, kò jìnnà sí wa: láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6 gbáko ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's, Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀ àti nínú iṣẹ́ yòókù. Ọ̀rọ̀ tọ́mọ bá ti ní nínú èdè kan, ó máa ń bá a wọ èdè kejì.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ rà ò ṣòfò o, Ìyá Kékeré. Àwòrán ò ní èdè. Ẹ fi Yorùbá sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Aránṣọ Ìgbọ̀nà:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí owó ìwé dá yín dúró. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi níbí, ìwé sítáì ni ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi fi ń sọ̀rọ̀. Ó kéré ju ti yín lọ díẹ̀. Á jókòó sórí ẹní, á ṣí i, á máa nàka, àwa tá à ń ránṣọ á máa dá a lóhùn láì gbé ojú kúrò lára iṣẹ́: "Gèlè nìyẹn. Gèlè pupa. Ta ló wé gèlè? Àǹtí ló wé gèlè." Báyìí kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí ò ní sọ ohun tó wọ̀ fún un, bàtà, báàgì, ìlẹ̀kẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní méjì méjì, "bàtà funfun", "gèlè mi".

Álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó náà dáa gan-an. Inú ọmọ máa ń dùn tó bá rí ìyá ẹ̀ nínú fọ́tò. Ta nìyí? Bàbá àgbà ni. Kí ló dé sórí? Fìlà. Kí ni dádì ń ṣe? Ó ń rẹ́rìn-ín.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni ìwé tiẹ̀. Ẹ ya ife ẹ̀ ní fọ́tò, bàtà ẹ̀, adìẹ màmá àgbà, kẹ̀kẹ́ máàrúwá tẹ́ ẹ̀ ń wọ̀, afárá Ọláìyá, màmá tó ń ta àkàrà ládùúgbò tó bá gbà. Tẹ́ ẹ bá mú un dé igbó Ọ̀ṣun, ẹ ya àwọn ọ̀bọ tó wà níbẹ̀, ọmọ kì í gbàgbé ọ̀bọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tò, ẹ gé páálí Indomie ní ìwọ̀n kan náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ fi sẹ́lótéèpù fífẹ̀ bo gbogbo ojú ẹ̀ kó lè fi sẹ́nu kó má bà jẹ́ (torí ó máa fi sẹ́nu), ẹ lu u níhò, ẹ fi okùn so ó. Ẹ má kọ nǹkan kan sí i. Ìwé tí ò ní ọ̀rọ̀ nínú, ẹni tó ń wò ó ló máa sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Àwọn tó ń ta ìwé tòkúnbọ̀ nílẹ̀ náà ní ìwé páálí tó nípọn, ẹ wá èyí tí àwòrán ẹ̀ tóbi tí ò kún jù, ohun kan tàbí méjì lójú ewé kan.

Ìyá Kékeré Alẹ́kúwodò:

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa. Mo ti gbé ìwé lé e lọ́wọ́ kó máa ṣí i fúnra ẹ̀ bí Àǹtí Tíṣà ṣe wí, mo dákẹ́, ó pẹ́ o, ó wá nàka sí mọ́tò ó wo ojú mi ó ní "fúùm". Mo ní "mọ́tò ńlá!", ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú ewé mọ́tò yẹn nìkan ló wá fẹ́ máa wò, tí mo bá ṣí èyí tó tẹ̀ lé e á dá a padà. Ṣé kí n jẹ́ kó máa wo ọ̀kan ṣoṣo? Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀dọ̀ màmá ọkọ mi ló ń wà lọ́sàn-án, màmá ò sì mọ̀wé kà.

Tíṣà Nọ́sìrì Òkè-Fìà:

Ẹ jẹ́ kó wò ó. Inú mi dùn sí "fúùm" yẹn gan-an. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sussex, ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ka ìtàn fún àwọn ọmọ ọdún 3 ní 2011, apá kan gbọ́ ìtàn kan náà lemọ́lemọ́, apá kejì gbọ́ ìtàn oríṣiríṣi, ọ̀rọ̀ tuntun tó wà nínú wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn tó gbọ́ ọ̀kan náà ló mọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún jù. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa yí ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ padà lórí mọ́tò kan náà: lónìí mọ́tò pupa, lọ́la mọ́tò ń lọ, lọ́tùn-únla ta ló wà nínú mọ́tò, ṣé ó ń lọ sọ́jà ni?

Màmá ni olùkọ́ tó dáa jù lọ tẹ́ ẹ ní. Ẹ kó ìwé fún wọn, ẹ sọ fún wọn pé kò sí nǹkan tí wọ́n máa kà. Ẹni tó ti pàlọ́ fún ọmọ àti ọmọ ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọmọdé dáhùn, "Ààlọ́ o", "Ààlọ̀", ṣebí ìpè àti ìdáhùn náà ni. Ẹ fi àwòrán ìjàpá kan sínú ìwé páálí tí Àǹtí Aránṣọ júwe, kẹ́ ẹ fi màmá sílẹ̀ sí i. Ẹ tún bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí ọmọ ń wò lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n má rò pé ẹ̀ ń bá wọn wíjọ́.

Ìyá Kékeré Alẹ́kúwodò:

Mo ti gbọ́, mà. Nọ́ọ̀sì wa, a fẹ́ gbé e lọ wo etí lọ́sẹ̀ yìí. Kí ló yẹ ká mú dání? Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:

Ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ sílẹ̀, títí kan "fúùm" àti "wò-wò", pẹ̀lú ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ẹ gba fídíò ẹ̀ sórí fóònù níbi tó ti ń ṣeré nílé, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń dákẹ́ fín-ín tí wọ́n bá ti rí dókítà. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìwé tí ọsibítù tẹ́ ẹ bí i sí fún yín tó bá wà lọ́wọ́, kí wọ́n lè rí i tó bá ṣe jọ́ńdíìsì. Ẹ lọ láàárọ̀, kó ti jẹun kó sì ti sun oorun tó, ẹ gbé ìwé mọ́tò ẹ̀ dání, ẹ máa bá a wò ó lórí ìjókòó níbi tẹ́ ẹ bá ti ń dúró. Ẹ má ki nǹkan kan bọ etí ẹ̀ nílé ṣáájú, tí ìdọ̀tí bá pọ̀ níbẹ̀ àwọn ló máa yọ ọ́. Tí ọ̀fìnkìn bá ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ náà, ẹ sọ fún wọn, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ padà wá torí ó máa ń dí etí.